Ẹ Bi Ọ̀gá Mẹkáníìkì: Hítà Ẹ́ńjìnì Tí Kò Fẹ́ Gbóná

Òtútù oṣù kìíní ti mú wa dáadáa níbí. Láti Winnipeg ní Kánádà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dísù títí dé Regina àti Edmonton, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà yín ń sọ: ọkọ̀ ò fẹ́ sítáàtì láàárọ̀. Mo mú èyí tó ṣàlàyé ara rẹ̀ jù nínú wọn, mo sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ dé gbòǹgbò, torí owó ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, lórí ohun tí wọ́n lè fọwọ́ ara wọn yẹ̀ wò nínú ọgbà ilé. Lẹ́tà méjì tó kúrú tẹ̀lé e. Ìbàdàn ni ọ̀kan ti wá, inú mi sì dùn sí i gan-an.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú òtútù. Brandon ní Manitoba ni mò ń gbé. Píkọ́ọ̀pù dísù ni mo fi ń kó ẹrù fún àwọn tó ń kọ́lé. Ìgbà ooru ni mo rà á, kò yọ mí lẹ́nu rárá títí yìnyín fi dé. Alaalẹ́ ni mò ń so wáyà hítà ẹ́ńjìnì mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri níta. Láàárọ̀ ọjọ́ tí òtútù dé -34 lórí ìwọ̀n Celsius, ọkọ̀ náà yí wọ́ọ̀, wọ́ọ̀, wọ́ọ̀, ó dákẹ́. Mo fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì, ó tutù rinrin, bíi pé n ò so ó mọ́ iná rárá. Ìgbà míì, bí mo bá ṣe ń kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì báyìí ni bọ́tìnì ara sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń ṣọ́ iná á ta, iná á lọ. Tí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ, kì í ta, àmọ́ ẹ́ńjìnì kì í gbóná náà. Gáréèjì kan ní hítà ti kú, pé àwọn máa yọ ọ́ pa á dà. Owó tí wọ́n pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé mi fún oṣù kan. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra ether inú agolo, ìfọ́n tó ń tètè gbiná, kí n máa fín in sí ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa atẹ́gùn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? (Awakọ̀, Brandon)

ÌDÁHÙN: Ará wa ní Brandon, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ gbé ether yẹn sílẹ̀ ná, ẹ má fín in. Dísù tòde òní ní grid heater níbi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, tàbí glow plug nínú sílíńdà níbi tí epo ti ń jó. Bí ẹ bá ti yí kọ́kọ́rọ́ báyìí ni nǹkan wọ̀nyí á ti pọ́n. Tí ether bá bá irin pípọ́n pàdé níbẹ̀, ó lè bú gbàmù kó tó dé ibi tó ń lọ. Ó lè fọ́ písítìnì, ó lè jó ẹni tó dúró síwájú bọ́ńnẹ́ẹ̀tì lójú. Ẹni tó fún yín nímọ̀ràn yẹn kò ní èrò burúkú lọ́kàn, àmọ́ ẹ̀mí yín ju ẹrù àárọ̀ kan lọ.

Ẹ má sì tíì san owó gáréèjì. Nínú ohun tí ẹ kọ, bọ́tìnì tó ń ta nígbà tí omi bá wà lára ọkọ̀, tí kì í ta nígbà tó bá gbẹ, ni ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù. Mo fura sí wáyà ju hítà lọ. Mo máa sọ ìdí rẹ̀.

Hítà inú bọ́lọ́ọ̀kì kò ju ríǹgì tí a fi ń se omi ìwẹ̀ nílé lọ. Irin tó ń gbóná ni. Wọ́n fi dí ihò kan lára bọ́lọ́ọ̀kì ẹ́ńjìnì, orí rẹ̀ wà nínú kúláǹtì (omi tó ń tu ẹ́ńjìnì lára), ìdí rẹ̀ wà níta níbi tí wáyà ti ń wọlé. Iná ilé, 120 volt, ló ń lò; kò bá bátìrì ọkọ̀ da nǹkan kan pọ̀. Kúláǹtì tó bá gbóná á gòkè, èyí tó tutù á sọ̀kalẹ̀ wá síbi iná, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo bọ́lọ́ọ̀kì á ṣe máa lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìlú tó wà nísàlẹ̀ wa níbí, Grand Forks ní North Dakota ní Amẹ́ríkà, ni ọ̀gbẹ́ni Andrew Freeman ti ṣe irú hítà ẹ́ńjìnì tirẹ̀, tó sì gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí rẹ̀ ní 1949. Ẹni tó ti jí sínú òtútù ibẹ̀ rí máa mọ̀ pé kò ṣe é fún ṣeréṣeré.

Dísù nílò rẹ̀ ju pẹtiróòlù lọ, torí kò ní pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Atẹ́gùn tí písítìnì fún pọ̀ ló máa gbóná débi tí epo á fi gbiná. Tí irin tó yí atẹ́gùn náà ká bá wà ní -34, irin á ti fa ooru náà mu kí epo tó dé. Nígbà yẹn kan náà, bátìrì ti pàdánù ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ, ọ́ìlì sì ti ki. Wọ́ọ̀, wọ́ọ̀ tí ẹ gbọ́ yẹn, ìyà mẹ́ta ló ń jẹ ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá a. Ara ògiri ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ara ẹ́ńjìnì. Ẹ mú ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin fi ń gbẹ irun, ẹ so ó mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì níta, ẹ tan án dé ibi tó le jù. Ẹ má lo gílóòbù, torí gílóòbù máa tàn lórí iná tí kò lókun rárá, àmọ́ ẹ̀rọ irun ń fa iná tó tó ti hítà tàbí tó jù ú lọ. Tó bá ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan láìṣe ségesège, sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí orí ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n tí ẹ ń lò, ẹ tún dán an wò níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nínú fúláàtì, ẹ fi èyí sọ́kàn: ní ọ̀pọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí ní Manitoba àti Alberta, iná sọ́kẹ́ẹ̀tì kì í dúró lójú kan. Ẹ̀rọ kan ló ń tan án tó tún ń pa á láti dín owó iná kù. Ẹ lè dán an wò ní àkókò tó wà ní pípa, kí ẹ sì rò pé ó ti bàjẹ́.

Ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n fúnra rẹ̀ ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà. Ẹ wo ara rẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà síbẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 16 sí tinrin jù fún iṣẹ́ yìí, pàápàá tó bá gùn. Ẹ ra 14, tàbí 12 tí ọkọ̀ bá jìnnà sí ilé. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí i ni wáyà ń nípọn sí i. Kó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kó jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe fún ìta. Kí ẹ tó sùn, lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí tí ẹ ti so ó, ẹ jáde lọ fọwọ́ kan ibi tí pọ́lọ́ọ̀gì méjèèjì ti wọnú ara wọn. Kó lọ́ díẹ̀, kò burú. Tó bá gbóná débi tí ẹ fẹ́ yọwọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀. Irú ibẹ̀ yẹn ni iná ti ń mú ọkọ̀, tó ń mú ilé.

Wàyí o, ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò lára iná, ẹ mú pọ́lọ́ọ̀gì tó ń yọ lẹ́nu ráídíétọ̀ ọkọ̀ yín, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹ má kánjú níbi yìí. Ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjì ló ní, àti roboto kan tó jẹ́ ti ẹ́ẹ̀tì (earth, ọ̀nà tí iná tó bá jò ń gbà lọ sílẹ̀). Ó yẹ kí ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjèèjì máa dán ní àwọ̀ idẹ. Tí ẹ bá rí eruku aláwọ̀ ewé ní ìdí ẹsẹ̀ kan, iyọ̀ ojú títì ti wọ ibẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà kí yìnyín lè yọ́ ni, táyà ló ń ta á sókè, iwájú ọkọ̀ ló ń bà sí. Tí rọ́bà tó yí ìdí ẹsẹ̀ náà ká bá ti sọ di brown, tó sì ti sún kì, iná ti ń jó níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ tẹ wáyà náà díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì wọnú bọ́ńnẹ́ẹ̀tì. Níbi tó bá ti rọ̀ ju ibi yòókù lọ, bàbà inú rẹ̀ ti já. Níbi tó bá ti kan férémù tàbí páìpù tó ń gbóná, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn ojú, mítà. Tẹ́sítà tí kò wọ́n rárá tó fún èyí. Ọkọ̀ ò gbọdọ̀ sí lára iná o. Ẹ yí tẹ́sítà sí ohm, ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjèèjì. Hítà 750 watt á ka nǹkan bí 19 ohm. Èyí tó jẹ́ 1000 watt á ka bíi 14. Ti àwọn trélà tó jẹ́ 1500 watt á ka 9 ààbọ̀ tàbí kó ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ lè ṣírò tiyín fúnra yín: 120 lọ́nà 120, kí ẹ fi iye watt tí wọ́n kọ sára hítà pín in. Tí tẹ́sítà bá kọ OL, ọ̀nà ti já níbì kan. Tó bá ka òdo, wáyà ti bríìjì.

Ẹ wá mú ẹnu tẹ́sítà kan sí ẹsẹ̀ roboto, kí ẹ fi ìkejì kan ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. OL ni kí ẹ rí níbẹ̀. Tó bá ka nọ́ńbà kankan, iná ń jò lọ sí ara ọkọ̀, òun ni bọ́tìnì sọ́kẹ́ẹ̀tì yín rí tó fi ta. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, ẹ̀mí yín ló ń ṣọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì míì tí kò ní bọ́tìnì, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ roboto kúrò.

Títí dé ibí, wáyà àti hítà ni ẹ ń wọ̀n pọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ gáréèjì ti ń kánjú nìyí. Wáyà yẹn ṣeé tú kúrò lára hítà lábẹ́ bọ́ńnẹ́ẹ̀tì: àwọn kan wà tí ẹ máa yí, àwọn kan wà tí ẹ máa fà jáde tààrà. Ẹ tú u, kí ẹ wọn hítà nìkan láti orí irin ìdí rẹ̀. Tí òun nìkan bá ka 19 tàbí 14 tó yẹ kó ka, tí kò sì jò sí ara bọ́lọ́ọ̀kì, hítà yín ò kú rárá, wáyà ló kú. Wáyà tuntun ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí wọ́n pè yín, ọwọ́ ara yín ni ẹ sì lè fi so ó. Kí ẹ tó so ó, ẹ fi ìfọ́n tí wọ́n fi ń fọ ojú iná fọ ìdí hítà náà, kí ẹ fi gíríìsì dielectric sí i kí omi iyọ̀ má bàa tún ráyè. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ mi pé hítà ti kú, ibẹ̀ yẹn ni mo ti ń bá àìsàn náà. Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé gígùn sí yín nìyí.

Tí ẹ́ńjìnì yín bá jẹ́ Duramax, dísù ti ilé iṣẹ́ GM, ẹ má tíì dájọ́. GM fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wo òtútù sínú wáyà hítà ti ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò sì ní jẹ́ kí iná kọjá àfi tí òtútù bá lọ sísàlẹ̀ tó -18. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n nínú gáréèjì tó lọ́wọ́ọ́wọ́ máa rí OL, á sì ní ó ti kú. Kí wáyà náà sun ìta mọ́jú kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Ká ní hítà fúnra rẹ̀ ló kú lóòótọ́, iṣẹ́ yìí á wá kan kúláǹtì. Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tutù pátá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ ní kí wọ́n fi òrùka rọ́bà tuntun sí i, kì í ṣe ti àná. Ẹ má so hítà tuntun mọ́ iná lójú ẹsẹ̀: ẹ kọ́kọ́ sítáàtì ọkọ̀, kó ṣiṣẹ́ títí atẹ́gùn tó há sínú omi á fi jáde. Hítà tó bá gbóná níbi tí kò sí omi máa jó kí ẹ tó wọlé padà. Kúláǹtì pẹ̀lú, ẹ má rò pé bó bá ṣe jẹ́ ògidì tó ni yóò ṣe lágbára tó. Ìdajì rẹ̀ àti ìdajì omi kì í dì títí dé nǹkan bí -37. Tí ẹ bá mú un dé ìdá 60 nínú 100, ó lè dé -52. Àmọ́ ògidì tí kò ní omi rárá, ní nǹkan bí -13 ló ń dì, èyí sì ti pa ẹ́ńjìnì àwọn tó rò pé àwọn ń ṣe rere.

Tí gbogbo èyí bá dára, tí ọkọ̀ ò sì tún gbọ́, ẹ wo ọ́ìlì. 15W-40 tí a mọ̀ láti ilé kò lè ṣe é fún -34. Ẹ lọ sí 5W-40 tàbí 0W-40 tí ìwé ọkọ̀ yín bá fọwọ́ sí i. Ẹ ní kí wọ́n dán bátìrì méjèèjì wò, kì í ṣe ọ̀kan. Kí dísù inú táńkì sì jẹ́ ti ìgbà òtútù. Tí ti ìgbà ooru bá ṣì wà níbẹ̀, ó ti ń di ìda nínú fílítà.

Tí ẹ bá tún un tán, ẹ tẹ́tí sí i. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ so ó mọ́ iná, tí àdúgbò bá dákẹ́, ẹ máa gbọ́ omi tó ń hó fínnífínní nínú bọ́lọ́ọ̀kì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ títí di aago méje àárọ̀ ni ọkọ mi ń so hítà dísù rẹ̀ mọ́ iná. Mo ní iná ń jẹ owó wa. Ó ní tí òun bá dín in kù, ẹ́ńjìnì máa kú. Ta ló jàre? (Ìyá Ìbejì, Edmonton)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ jàre, ẹ má fi bú u o. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ooru tí hítà ń fún bọ́lọ́ọ̀kì àti èyí tí òtútù ń gbà padà ti dọ́gba. Ẹ́ńjìnì ò ní gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́, mítà iná nìkan ló ń lọ. Hítà 1000 watt máa jẹ 13 kilowatt-hour láti mẹ́fà sí méje. Tó bá jẹ́ láti aago mẹ́ta òru sí méje, 4 péré ni. Ẹ ra táímà tí wọ́n ṣe fún ìta, tó lè gbé 15 amp, kí ó máa tan án fúnra rẹ̀. Lálẹ́ tí -40 bá fẹ́ dé, ẹ fi wákàtí kan kún un kí ọkàn Bàbá Ìbejì lè balẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, ẹ kú àjò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan, Kánádà ló ti wá. Wáyà dúdú kan tó ní pọ́lọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń yọ lẹ́nu ráídíétọ̀ rẹ̀. Rìwáyà mi ní bátìrì ni wọ́n fi ń ṣáàjì, pé ká wá pọ́lọ́ọ̀gì tó bá tiwa mu sí i. Ọmọ mi ní ọkọ̀ oníná ni. Ta ni kí n gbà gbọ́? (Alhaji, Mọ́níyà, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Alhaji, ẹ kú ilé o. Ẹ kí Àgódì Gate fún mi, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ orúkọ pátì kí n tó mọ iṣẹ́. Kò sí nínú àwọn méjèèjì. Hítà ẹ́ńjìnì tí mo ń sọ látòkè wá yìí ni, òtútù Kánádà ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí rìwáyà so ó mọ́ iná wa. Iná 120 volt ni wọ́n ṣe é fún, tiwa nílé sì jẹ́ 230 sí 240. Irin kan náà tó yẹ kó jẹ 1000 watt, nǹkan bí 4000 ló máa gbìyànjú láti jẹ, á sì jó wáyà, bóyá ọkọ̀ náà pẹ̀lú.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ tẹ̀lé wáyà yẹn dé ìdí bọ́lọ́ọ̀kì, kí ẹ wo yípo ibi tó wọlé sí. Tí ẹ bá rí ohun funfun, aláwọ̀ ewé tàbí pupa tó gbẹ mọ́ ara irin, kúláǹtì ń jò níbẹ̀, òrùka rọ́bà rẹ̀ ti rẹ̀ nìyẹn. Ẹ tún un kí ẹ tó gbé ọkọ̀ náà lọ sí Èkó. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n máa da omi kànga lásán sínú ráídíétọ̀ torí pé òtútù ò sí nílé; omi lásán á mú kí irin dípẹtà láti inú. Tí wáyà náà ò bá bójú mu lójú yín, òun nìkan ni kí wọ́n tú kúrò. Kí wọ́n má fọwọ́ kan hítà, torí òun gan-an ló dí ihò bọ́lọ́ọ̀kì yẹn. Tí wọ́n bá yọ ọ́ láìní ohun tí wọ́n máa fi dí i, gbogbo omi ẹ́ńjìnì á dà sílẹ̀.